Ẹ Yéé Fi Gọ́ọ̀mù Bo Ìdí Òpó Ọkọ̀ Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ní ọkọ̀ onígbòkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ lẹ́bàá odò Medway ní Kent, tàbí létí àwọn odò Essex, tàbí ní Hamble nítòsí Southampton, tí ẹ bá ní omi ń kán sínú yàrá ọkọ̀ yín láti ìdí òpó tó gbé ìgbòkun ró, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ yín tán ni ẹnìkan yóò ti na gọ́ọ̀mù sí yín. “Fi gọ́ọ̀mù sí i. Gbogbo ọkọ̀ ló ń jò níbẹ̀.” Ẹni tó ti ń ta ìgbòkun láti ogójì ọdún ń sọ ọ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ tirẹ̀ lóṣù tó kọjá náà ń sọ ọ́. Ẹni tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ń sọ ọ́, á sì tún fa gọ́ọ̀mù kejì yọ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti di òfin tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè mọ́.

Ó ti sú mi. Ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe ti àtúnṣe, ti ìbòmọ́lẹ̀ ni. Òun ló ń jẹ́ kí omi ríbi sá pamọ́ sí, kí ẹni tó ni ọkọ̀ sì máa sùn fọnfọn, nígbà tí igi tó gbé òpó ró ń jẹrà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀ o, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti wọn bó ṣe yẹ.

Wọ́n ní owó ńkọ́? Láti sọ òpó kalẹ̀, kireeni la ó pè. Sísọ ọ́ kalẹ̀ ní owó tirẹ̀, gbígbé e padà ní owó tirẹ̀, ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí pẹ̀lú lè ní owó tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí à ń sọ yìí ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ wo Westerly Centaur tí wọ́n kàn láti 1969 sí 1980, tó kún gbogbo etí odò ẹlẹ́rẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní: èèyàn lè ra òmíràn níye tí yóò fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù. Ta ni yóò wá ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí omi tí kò kún ife kan? Wọ́n tún ní ìgbà tí ojú ọjọ́ ń móoru níbẹ̀ kò gùn, pé kò sọ́gbọ́n nínú kéèyàn máa tú ìdí òpó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sójú omi. Wọ́n ní gọ́ọ̀mù òde òní kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀dà dúdú tí àwọn akankọ̀ àtijọ́ ń yọ́ lórí iná. Wọ́n á dárúkọ 3M 5200, tó jẹ́ pé bó bá ti gbá nǹkan méjì mú, fáíbà ara ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya kí òun tó jáwọ́. Èyí tó wúwo jù nínú àwíjàre wọn ló kẹ́yìn: wọ́n ní ẹni tó bá ń tú ohun tó dúró, wàhálà tuntun ló ń wá. Bóòtù tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kan ọkọ̀ lè kán. Wáyà iná tó gba inú òpó lè já. Òpó tó ti ń dúró ṣánṣán lè máà dúró bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: pé omi tí à ń rí nínú yàrá ni àìsàn náà, pé tó bá ti dáwọ́ dúró, ara ọkọ̀ ti yá. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣìnà.

Dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ fáíbà, ìyẹn òkè ọkọ̀ tí à ń rìn lé, kì í ṣe fáíbà lásán. Bíi búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹyin sáàárín rẹ̀ ló rí: fáíbà pẹlẹbẹ lókè, fáíbà pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, igi láàárín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, balsa ni igi náà, igi fífúyẹ́ tó jẹ́ pé Ecuador ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Lábẹ́ òpó gan-an, pílíwúùdù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó le jù ú lọ. Igi yìí ló ń mú kí dẹ́ẹ̀kì le koko láìwúwo. Bó bá gbẹ, ẹ lè fò sókè sódò lórí dẹ́ẹ̀kì, kò ní mira. Bó bá tutù tó sì jẹrà, fáíbà méjèèjì tó kù kò lè dá ẹrù gbé. Bóòtù ni wọ́n fi di ìjókòó òpó, ìyẹn irin tí ìdí òpó jókòó lé, mọ́ dẹ́ẹ̀kì yìí. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ní ihò, ihò kọ̀ọ̀kan sì gba àárín igi kọjá. Nítòsí wọn ni ihò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, èyí tí wáyà iná gbà wọlé. Ta ló dí ẹnu igi nínú àwọn ihò wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dí i. Wọ́n dá a lu, wọ́n pa gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọ́n ki bóòtù bọ̀ ọ́, wọ́n bọ́ sórí ọkọ̀ tó kàn.

Ẹ wá ronú sí ohun tí òpó ń ṣe níbẹ̀. Wáyà irin ló dì í mú níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gbogbo wọn ló sì ń fà á mọ́lẹ̀. Bí atẹ́gùn bá kún ìgbòkun tí ọkọ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìfà náà á tún le sí i. Lórí ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, agbára tó ń tẹ ìdí òpó mọ́lẹ̀ lè tó ìwọ̀n odindi ọkọ̀ náà. Bí ìgbì kan ṣe ń gbá a ni dẹ́ẹ̀kì ń tẹ̀ díẹ̀, tó tún ń padà sókè. Gọ́ọ̀mù wo lèèyàn á fi ìka pa yí etí irin tó ń jìjàkadì báyìí ká tí kò ní là?

Kódà ẹ jẹ́ ká gbà pé kò là. Ẹ jẹ́ ká gbà pé gọ́ọ̀mù náà mú dáadáa, pé omi kankan kò tún kán sórí ibùsùn yín. Omi tó ti wọnú igi ṣáájú ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ibo ló gbà lọ? Kò lọ síbì kankan. Fáíbà wà lókè rẹ̀, fáíbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ti wá dí ẹnu ihò kan ṣoṣo tí ì bá gbà gbẹ. Ìkán omi tó ń dà yín láàmú ni ońṣẹ́ tó ń kígbe pé igi ń mu omi. Ẹ ti pa ońṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́, ẹ sì ń pè é ní àtúnṣe. Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: inú yàrá, lábẹ́ àjà, níbi tí omi ti ń kán jáde, ni wọ́n ti ń pa gọ́ọ̀mù tiwọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ìwọlé sílẹ̀ fún omi lókè, wọ́n wá ti èyí tó ń gbà jáde nísàlẹ̀. Ṣé wọ́n ronú pé omi yóò yí ọkàn padà tí yóò sì padà sójú sánmà ni?

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fèsì pé balsa inú dẹ́ẹ̀kì, òòró ni wọ́n to fọ́nrán rẹ̀, pé omi kì í ti ara igi kan kọjá sí ìkejì, ibi tó bá ti wọlé náà ni yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú igi tó jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n balsa tí wọ́n ń tẹ́ sínú dẹ́ẹ̀kì, wọ́n ti gé e ní kéékèèké onígun mẹ́rin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tín-ín-rín kí ó lè tẹ̀ bá ìrísí ọkọ̀. Àlàfo wà láàárín igi kan àti ìkejì. Níbi tí oje fáíbà kò bá ti kún àlàfo wọ̀nyẹn, kòtò ni wọ́n jẹ́ fún omi, yóò máa gba inú wọn lọ láti ìdí òpó títí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n ní “ìdí òpó nìkan” ló ń jò fi máa ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ níbi tó jìnnà sí òpó.

Wọ́n á ní omi díẹ̀ kì í ba ọkọ̀ jẹ́, pé orí omi náà ni ọkọ̀ ń gbé. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ, nítorí ó dún bí ọgbọ́n. Irú omi wo ló ń wọ ìdí òpó? Kì í ṣe omi òkun nìkan, omi òjò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òjò tó ń rọ̀ ní gbogbo oṣù tí ọkọ̀ fi dúró sójú kan tí ẹnikẹ́ni kò débẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ igi gbilẹ̀ bó ṣe fẹ́. Àwọn akankọ̀ àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn a sì máa da iyọ̀ sáàárín igi ọkọ̀ kí ó má baà jẹrà. Omi òjò kò ní iyọ̀ kankan tí yóò dá olú dúró.

Àwa tó ń gbé ìtòsí Chatham ní Kent kò tún nílò ẹ̀rí mìíràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ogun onígi HMS Victory, tí wọ́n sì sọ ọ́ sómi ní 1765. Ọkọ̀ yẹn ja ogun Trafalgar ní 1805, ìbọn ńlá kò rì í. Portsmouth ló wà lónìí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ òjò tó ń wọ̀ ọ́ láti òkè wà lára ohun tó ń jẹ igi rẹ̀ run. Kí ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe? Ní 2021, wọ́n gbé òpó ńlá àárín rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pákó ara rẹ̀ kúrò, wọ́n ń wá ibi tí ìjẹrà dé. Omi nìkan kọ́ ló mú kí wọ́n yọ òpó náà, mo mọ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n tó pé lé ọkọ̀ yẹn lórí, ta ló ní kí wọ́n lọ ra gọ́ọ̀mù?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjẹrà náà ṣe ń rí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń dá ìmọ̀ràn gọ́ọ̀mù kò tíì fojú rí i. Mo dúró ti ọkọ̀ kan lórí ilẹ̀ létí Medway nígbà tí wọ́n ṣí ìjókòó òpó rẹ̀. Ìpele gọ́ọ̀mù tó yí i ká kì í ṣe ẹyọ kan: funfun wà lókè, eérú wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ti di dúdú wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọdọọdún ni wọ́n ti ń pa òmíràn lé e. Inú yàrá gbẹ ṣáká. Bàbá tó ni ọkọ̀ ti ń fi gbígbẹ yẹn yangàn. Nígbà tí ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ yọ bóòtù àkọ́kọ́, omi aláwọ̀ ilẹ̀ tẹ̀lé e jáde, ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú àbàtà. Ó ti sìkúrúdíráfà bọ inú ihò náà, kò fi agbára tì í rárá, ó sì wọlé títí dé èèkù. Ohun tó bá a jáde kì í ṣe igi mọ́. Ẹ̀tù tútù ni, ó fún un láàárín ìka méjì, omi sì jáde lára rẹ̀. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan. Kí ni ì bá sọ? Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló ti ní kó fi gọ́ọ̀mù sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kò sì ní láti dúró dé ọjọ́ yẹn. Ẹ mú òòlù olórí ike, ẹ máa fi kan dẹ́ẹ̀kì jẹ́jẹ́, láti ibi tó jìnnà bọ̀ wá sí ìdí òpó. Ibi tó bá le yóò máa dún kó-kó-kó. Ibi tó bá ti jẹrà yóò dún gbì, ohùn rẹ̀ á kú lábẹ́ òòlù. Ẹ wo ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ inú ọkọ̀: bó ti ń há lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí kì í há tẹ́lẹ̀, dẹ́ẹ̀kì ti ń rì lé e lórí. Ẹ di wáyà òpó mú: bí wọ́n bá ń dẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà wọ́n le, òpó ló ń wọlẹ̀. Ẹ wo awọ fáíbà tó yí ìjókòó òpó ká, bóyá ó ti ń là tẹ́ẹ́tẹ̀ẹ̀tẹ́. Èwo nínú àìsàn wọ̀nyí ni gọ́ọ̀mù ń wò?

Wọ́n ní gọ́ọ̀mù òde òní lágbára. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára náà ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó bá fi 3M 5200 lẹ ìjókòó òpó mọ́lẹ̀ ti dájọ́ fún ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́la pé kó ya dẹ́ẹ̀kì kó tó lè ṣí i. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn mélòó kan burú ní tirẹ̀: kì í pẹ́ lára àlùmíníọ̀mù kó tó ṣí, ohun tó sì ń fi sílẹ̀ lójú fáíbà kì í jẹ́ kí ọ̀dà, oje epoxy, tàbí gọ́ọ̀mù mìíràn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí ẹ ó fi há a dànù pátápátá. Kódà èyí tó dára jù lọ nínú wọn, abẹ́ irin ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí irin àti dẹ́ẹ̀kì ti jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Èyí tí wọ́n fi ìka pa sétí lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti dè, orí ìdọ̀tí, epo ìdán àti ìpẹtà ló lẹ̀ mọ́. Ọ̀ṣọ́ ni.

Òpó mìíràn wà tí kì í jókòó sórí dẹ́ẹ̀kì rárá: ó máa ń gba ihò ńlá lára dẹ́ẹ̀kì kọjá, á lọ fẹsẹ̀ lé ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi ń yí ọrùn òpó bẹ́ẹ̀ ká níbi tó ti wọlé, kí omi má baà gbabẹ̀. Àwọn tó ni irú ọkọ̀ yìí ló ń jìyà gọ́ọ̀mù jù. Rọ́bà lè gbó lóòótọ́, oòrùn ní í pa á, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n òpó àlùmíníọ̀mù kò ní nǹkan nínú, ó sì lẹ́nu lókè: ibi tí okùn ìgbòkun gbà wọlé, ibi tí kẹ̀kẹ́ okùn wà, ibi tí wáyà iná ti jáde. Òjò ń gba gbogbo ẹnu wọ̀nyẹn wọlé, ó ń ṣàn nínú òpó, ó ń kọjá ọrùn rọ́bà láìfara kàn án, ó sì ń jáde ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Èèyàn á wà lókè lọ́dọọdún, á máa pa gọ́ọ̀mù yí rọ́bà ká, omi náà á sì máa gba inú òpó kọjá lójú rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Omi inú òpó kò ṣeé dí pátápátá. Ọ̀nà ni kí a là fún un, kí ó lè gba ibi tí a fẹ́ jáde.

Ọ̀nà yẹn gan-an ni gọ́ọ̀mù sì ń dí. Ihò kékeré kan máa ń wà nídìí òpó tàbí lára ìjókòó rẹ̀, kí omi lè ṣàn jáde. Ẹni tó bá ń fi gọ́ọ̀mù yí ìdí òpó ká láìbìkítà ń dí ihò náà pẹ̀lú. Òpó á wá di àmù. Omi á ga nínú rẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ihò wáyà, yóò gba ibẹ̀ wọ inú yàrá. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ní ó tún ti ń jò, á tún gbé gọ́ọ̀mù. Bí òtútù ìgbà ọyẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wá bá omi náà nínú òpó, yóò di yìnyín. Omi tó bá dì ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, àlùmíníọ̀mù kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ti là rí lóòró látìsàlẹ̀. Owó òpó tuntun ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní kireeni wọ́n?

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé lè mọ̀ ọ́n láìfi ọgbọ́n orí ṣe é. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́nu: bó bá níyọ̀, inú ìgbì ló ti wá, bí kò bá níyọ̀, òjò ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ẹ fi ike àti tépù dí ibi tó ṣí. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, irú èyí tí wọ́n fi ń gbá ewé nínú ọgbà, ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ sínú ọkọ̀. Kí ẹnìkan wà lórí dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú ọṣẹ àti omi nínú abọ́, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí bóòtù kọ̀ọ̀kan ká, yí ihò wáyà ká, yí etí irin ká. Níbi tí ihò bá wà, bó ti wù kó kéré tó, ọṣẹ náà á máa hó níbẹ̀. Kò ní parọ́. Ìgbà mìíràn, ibi tó ti ń hó kì í ṣe ìdí òpó rárá: etí fèrèsé iwájú ni, omi ti ń gba abẹ́ àjà wá láti ibẹ̀ kó tó kán lẹ́bàá òpó. Gbogbo gọ́ọ̀mù tí ẹ ti ń rà láti ọdún wọ̀nyí wá, ibi tí kò jò lẹ ń pa á sí.

Ọ̀rọ̀ owó àti àkókò kò gbà mí lọ́pọ̀lọpọ̀ àlàyé. Ta ló ní ká tú òpó ní oṣù Keje? Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé, wọ́n kàn dúró ni. Lórí ọkọ̀ kéékèèké, òpó wà tí ìdí rẹ̀ ṣeé tẹ̀, àwọn èèyàn Norfolk Broads sì ń fi ọwọ́ sọ irú rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó lè gba abẹ́ afárá Potter Heigham, láìpe kireeni. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú máa ń béèrè pé kí a pààrọ̀ wáyà òpó lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, òpó sì ń wá sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Mo ti rí i tí wọ́n sọ òpó kalẹ̀ fún wáyà, tí wọ́n sanwó kireeni, tí ìjókòó òpó wà níbẹ̀ gbalasa lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì gbé òpó padà lé e láìtú bóòtù ẹyọ kan. Ó dùn mí dọ́kàn. Owó tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ti san tán yẹn, wọn kò gba ọjà rẹ̀.

Àwọn tó ní bóòtù lè kán bí a bá tú u, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú un kán? Irin tí kì í dípẹtà nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè máa dáàbò bo ara rẹ̀. Nínú igi tútù, lábẹ́ gọ́ọ̀mù, kò sí afẹ́fẹ́, omi ló yí i ká, yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Orí rẹ̀ á máa dán lókè, ọrùn rẹ̀ á ti dín kù nísàlẹ̀. Bóòtù tó bá kán lọ́wọ́ yín lórí ilẹ̀ pẹ̀lú sípánà nínú oṣù Kejì, ibo lẹ rò pé ì bá kán sí? Ojú omi ni, nígbà tí atẹ́gùn le, tí ọmọ yín jókòó sábẹ́ òpó náà.

Iṣẹ́ gidi tí gọ́ọ̀mù ń gba ipò rẹ̀ kì í ṣe idán. Wọ́n á ṣí ìjókòó òpó. Wọ́n á fi dìrílì fẹ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ orí ìṣó, wọ́n á fi sẹ́nu dìrílì, wọ́n á sì máa fi ha igi tó ti jẹrà jáde láàárín fáíbà méjèèjì títí wọn ó fi kan igi gbígbẹ. Bí ìjẹrà bá ti lọ jìnnà, wọ́n á gé fáíbà òkè, wọ́n á pààrọ̀ igi náà, wọ́n á dá a padà. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Sùúrù ló ń gbà, bóyá ọ̀sẹ̀, bóyá oṣù. Wọ́n á wá fi epoxy tó ki kún un. Àwọn Gougeon, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní Bay City ní Michigan, ti ń fi epoxy sọ igi ọkọ̀ di ohun tí omi kò lè wọ̀ láti 1969, ọ̀nà náà kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá le tán, wọ́n á dá ihò tuntun lu láàárín epoxy náà, tó fi jẹ́ pé kódà bí omi bá gba etí bóòtù wọlé, kò ní rí igi fara kàn. Wọ́n á fẹ ẹnu ihò díẹ̀ lókè, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù butyl tó rọ̀ tẹ́ abẹ́ irin, èyí tí kì í gan tí yóò sì máa bá dẹ́ẹ̀kì tẹ̀. Wọ́n á pa ìpara Duralac sí ibi tí bóòtù àti àlùmíníọ̀mù ti pàdé kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Wọ́n á de bóòtù díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, bí butyl ṣe ń fún jáde létí. Wọ́n á rí i pé ihò omi ìdí òpó ṣí. Ẹ̀yìn náà ni òpó á padà sórí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù, òun ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Wọ́n ń ta ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó bá pa gọ́ọ̀mù tuntun sí ìdí òpó ní oṣù Kẹta, tó nu àbàwọ́n kúrò lára àjà, tó sì tà á ní oṣù Kẹrin fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, kí lẹ ó pe ohun tó ṣe? Ẹni tó rà á rí yàrá gbígbẹ. Kò mọ̀ pé gbígbẹ yẹn gan-an ni wọ́n fi ràn án lọ síná. Gbogbo wa tí a jókòó lẹ́bàá odò tí à ń tún “fi gọ́ọ̀mù sí i” sọ la fún ẹni tó tà á ní ẹnu tó fi tà á.

Nítorí náà, kò sí gọ́ọ̀mù tí ń wo ìdí òpó tó ń jò, kò sí èyí tó ń wò ó díẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè fi dúró de ọdún tó ń bọ̀. Bí omi bá kán láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òpó gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ kí òtútù ọdún náà tó parí, ìjókòó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, igi abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí oòrùn. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí lọ́wọ́, ẹ fi tapólì bò ó, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ má ta ìgbòkun kankan lórí òpó náà. Ẹ sì jẹ́ kí omi tó ti wà nínú igi máa kán lójú yín, kí ẹ máa rí i, títí dọjọ́ tí ẹ ó tú bóòtù àkọ́kọ́.